David Low àti Ẹṣin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, àti ẹ̀tọ́ ẹni tí ń yà á.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ David Low. Ìlú Dunedin ní New Zealand ni wọ́n ti bí i ní 1891. Ó ṣiṣẹ́ ní Australia kí ó tó dé London ní 1919. Ní 1927, ó lọ sí Evening Standard, ìwé ìròyìn Lord Beaverbrook. Olówó ńlá ni Beaverbrook, ẹgbẹ́ Konsáfétífù ni ó sì wà. Low kò fara mọ́ ẹgbẹ́ náà rárá. Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe wá bára ṣiṣẹ́?

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Low mú kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òun ni yóò máa yan ohun tí òun ó yà àti bí òun ó ṣe yà á. Kò gba ìlérí ẹnu lásán. Àwa òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀, ìgbàgbé ní í jẹ ẹ́.

Ìlà díẹ̀ tó nípọn ni Low fi ń ya èèyàn, ojú kan ni ìwọ yóò sì fi mọ ẹni náà. Ní 1934, ó dá Colonel Blimp sílẹ̀: ológun àtijọ́, ó sanra, irunmú rẹ̀ wálẹ̀, ó ró aṣọ ìnura nílé ìwẹ̀ olóoru, ó ń sọ ìsọkúsọ bí ẹni pé ọgbọ́n ni. Ní ti Hitler, Low mọ̀ pé inú apàṣẹwàá máa ń dùn bí a bá yà á bí ẹkùn. Ohun tí kò lè gbà ni kí a yà á bí òmùgọ̀. Òmùgọ̀ náà ni Low sì yà á. Ni wọ́n bá fòfin de iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì àti Ítálì.

Ní 1937, Lord Halifax lọ sí Jámánì, wọ́n sì fẹjọ́ àwòrán wọ̀nyí sùn ún. Nígbà tó padà, ó bẹ Low pé kó rọra. Low rọra díẹ̀: ó pa Hitler àti Mussolini pọ̀ di ẹnì kan tó pè ní Muzzler, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má lè sọ pé òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hitler wọ Austria ní oṣù kẹta 1938, Low padà sí bó ṣe ń yà á tẹ́lẹ̀. Ìwé àdéhùn lè di ọwọ́ ọ̀gá mú. Kò lè fún èèyàn ní ìgboyà. Lẹ́yìn ogun, wọ́n rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn tí Jámánì ìbá mú ká ní wọ́n gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má rò pé àwọn ọlọ́lá nìkan ni kálámù rẹ̀ ń gún. Low fẹ́ràn òṣìṣẹ́, síbẹ̀ ó ya TUC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù: ó tóbi, ó lágbára, kò lárékérekè, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ní 1950 ó lọ sí Daily Herald, ìwé ìròyìn tí TUC fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀. Ní 1953 ó lọ sí Manchester Guardian. Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1962, ó sì kú ní 1963. Ẹṣin rẹ̀ kò kú.

Ẹ̀yin ará, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ya ìgbìmọ̀ yìí sínú ìwé wa bí ẹni tí ń tòògbé nídìí tábìlì. Àwa náà wà nínú àwòrán ọ̀hún. Àwọn kan ní kí a dá a dúró. A ní rárá. Bí Beaverbrook olówó bá lè sanwó fún ẹni tí ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, kí ni yóò ṣe àwa tí à ń pariwo òmìnira lẹ́nu ibodè ọ̀gá? Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n òun ní í jí ẹni tó sùn.

Àbá wa rèé: kí a kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀ka yìí pé ẹni tí ń yàwòrán fún ìwé wa kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ẹ dìbò sí i lónìí. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.