Àwòrán Kí Ọ̀bẹ Tó Dé
(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)



Nígbà tí Akọ̀wé kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, ó rò pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni n óò sọ, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi láyè láti sọ ohun mìíràn. Ẹ ti gbọ́ pé àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí á dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara tí à ń pè ní MRI fún ilé ìwòsàn ìlú wa. Lọ́la ni a óò dìbò lórí rẹ̀. Ó yẹ kí á mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kí á tó na ọwọ́ sókè, èmi sì ní ìdí tèmi tí mo fi wádìí rẹ̀.

Ní ọdún 2010, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Gbogbo wa ni a sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ta ni jẹ̀díjẹ̀dí kò ṣe rí nínú wa? Àgbo ni ó mu fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀, a sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má jẹ ohun dídùn mọ́. Nígbà tí ó rù tán, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá. Wọ́n ní àrùn jẹjẹrẹ ni, ní ìsàlẹ̀ ìfun ńlá, níbi tí ó ti fẹ́ dé ihò ìdí. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán ibẹ̀. A yọ̀, a sì dúpẹ́. Kò pé ọdún méjì tí ó fi tún hù ní ojú kan náà, láàárín egungun ìbàdí, ìrora rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ó kú ní ọdún 2014. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdí tí ohun tí a ti gé kúrò fi lè padà wá.

Ọwọ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rí ìdáhùn. Dókítà Bill Heald, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Basingstoke, kọ̀wé ní 1982 nípa ọ̀rá tí ó yí apá ìfun yìí ká, àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ọ̀rá náà. Ẹ̀yin ìyá wa, mọ́ínmọ́ín nínú ewé ni kí ẹ fi wé. Inú ọ̀rá yẹn ni èérún jẹjẹrẹ máa ń sá pamọ́ sí. Oníṣẹ́ abẹ tí ó bá fara balẹ̀ yọ ọ́ tòun tewé, láìfà á ya, ti kó gbogbo rẹ̀. Bí ewé bá ya, díẹ̀ yóò kù sínú ìkòkò. Ní 1986, Philip Quirke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leeds gé ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ jáde ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n sì rí i pé ara ẹni tí jẹjẹrẹ bá ti kan etí ibi tí ọ̀bẹ gbà ni ó sábà máa ń padà sí. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n mi rí, ṣùgbọ́n mo gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi.

Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn tí ọ̀bẹ ti kọjá ni ti Leeds ń rí etí náà. Ta ni yóò rí i ṣáájú? Iṣẹ́ tí dókítà obìnrin kan, Gina Brown, gbé lé ara rẹ̀ nìyí. Dókítà tí ń ka àwòrán inú ara ni, kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Cardiff ní ilẹ̀ Wales ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kí ó tó ṣe é lọ títí ní ilé ìwòsàn Royal Marsden àti ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀rọ MRI ti wà kí ó tó dé ìdí rẹ̀. Kì í lo ìtànṣán bíi ti àwòrán egungun tí a mọ̀. Òòfà alágbára ni ó fi ń mú kí omi àti ọ̀rá inú ara dáhùn, ìdáhùn wọn sì yàtọ̀ síra. Bí a ti ń ya àwòrán náà ni kò dára tó. Ẹ wo iṣu lórí pátákó. Bí ẹ bá gé e ní ìbú gan-an, ojú rẹ̀ yóò rí róbótó, èèpo rẹ̀ yóò sì hàn ní tínrín yíká. Bí ẹ bá gé e ní dídà, ojú náà yóò gùn, èèpo yóò sì dà bí ẹni pé ó nípọn ju bí ó ti rí lọ. Ìfun kò sì gún bí iṣu. Kọ́lọkọ̀lọ ni ó ń lọ. Nítorí náà Gina Brown ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya ìfun ní òró, kí wọ́n wá ibi tí kókó náà wà, lẹ́yìn èyí kí wọ́n yí ẹ̀rọ sí ìbú ibẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì máa ya á ní pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Ìgbà náà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Heald sọ hàn bí ìlà tí a fi pẹ́ńsù fà. Ní 1999, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn 28 tí wọ́n yà bẹ́ẹ̀ jáde.

Aláìsàn 28 kò tó láti yí ọkàn dókítà padà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn 11 ní Yúróòpù nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní MERCURY, aláìsàn 408 sì ni ìròyìn 2006 sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí a yẹ ohun tí a gé jáde wò, etí rẹ̀ mọ́ ní ara 354. Nínú àwọn 354 yìí, àwòrán ti sọ tẹ́lẹ̀ nípa 327 pé yóò mọ́. Ní 2007 wọ́n fi hàn pé bí a bá wọn bí kókó náà ti jinlẹ̀ tó lórí àwòrán, tí a sì tún un wọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ní ìpíndọ́gba, kò tó ìdajì mìlímítà. Ìbá wù mí kí àwọn ọmọ kíláàsì mi wọn tábìlì bẹ́ẹ̀.

Kí ni èyí ṣe fún aláìsàn? Bí àwòrán bá fi hàn pé àárín jẹjẹrẹ àti awọ náà kò tó mìlímítà 1, a kì í sáré gbé ọ̀bẹ. Ìtànṣán àti oògùn ni a kọ́kọ́ ń fún un kí kókó náà lè sún kì, a óò sì tún àwòrán yà. Bí àyè bá wà dáadáa, ó lè lọ tààrà sí iṣẹ́ abẹ, kí a má fi ìtànṣán pọ́n ọn lójú, nítorí ìtànṣán lè ba ìfun jẹ́, ó sì lè mú kí ènìyàn má lè di ìgbẹ́ mú mọ́ tàbí kí ó má lè bímọ mọ́. Nínú ìròyìn 2011, 374 ni wọ́n tọ́pa. 122 nínú wọn ni àwòrán wọn dára tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan. Bí 3 nínú 100 nínú àwọn wọ̀nyí ni àrùn náà padà sí ojú kan náà lára wọn.

Ẹ ó rò pé mo fẹ́ kí á ra ẹ̀rọ náà nìyẹn. Rárá o. N kò ní na ọwọ́ sókè lọ́la. Irú ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú, ó ń fẹ́ ohun tí yóò máa mú òòfà rẹ̀ tutù nini, ó sì ń fẹ́ ẹni tí ó mọ ìbú yàtọ̀ sí dídà. Ẹ̀rọ tí Cardiff lò kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Ojú tí ó kà á ni ó yàtọ̀. MRI ti wà ní àwọn ìlú ńlá wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Alátiṣe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá àwọn dókítà Memorial Sloan Kettering ti New York ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá yìí kan náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí owó náà rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ti di dókítà lọ kọ́ bí a ti ń ka àwòrán yìí, kí ìyókù sì máa san owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò fún ará ìlú tí ó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn gígùn tí ó ní iná àti ojú, tí àwọn dókítà fi ń wo inú ìfun. Mo mọ̀ pé a kò lè kọ orúkọ Ẹgbẹ́ wa sára owó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Gómìnà kò ní wá ṣí i.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó lápá òsì yìí. Òun ni ó ní kí n sọ fún yín pé ó lé ní ọdún kan tí òun fi ń fọ ṣòkòtò ẹlẹ́jẹ̀ lóru, tí òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ojú ń ti ọkọ òun. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ilé ẹnikẹ́ni, kí ó wá bá òun tàbí èmi lálẹ́ òní. Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa ń lọ sí Ifẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, àyè ènìyàn mẹ́fà sì ṣófo nínú rẹ̀.