Ìròyìn Tí Dátábéèsì Fi Ń Ṣiṣẹ́

Ní 1970, Edgar Codd, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní San Jose, ní ìpínlẹ̀ California, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó yí iṣẹ́ ìpamọ́ dátà padà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ dátà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí yóò gbà dé ibi tí wọ́n kó o sí. Codd ní kí gbogbo rẹ̀ wà nínú tábìlì, kí oníṣẹ́ sọ ohun tó ń wá, kí ẹ̀rọ sì wá ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe yan ọ̀nà? Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM kan náà dáhùn ní 1979: kí ẹ̀rọ gbé onírúurú ọ̀nà yẹ̀ wò, kó fojú bu iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná an, kó sì mú èyí tó kéré jù. Irú ìfojúbù bẹ́ẹ̀ ni àwọn dátábéèsì bíi PostgreSQL, Oracle àti MySQL ṣì ń ṣe dòní. Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wà níbẹ̀: ẹni tó ń fojú bu nǹkan nílò ìròyìn tó péye. Kí alábòójútó dátábéèsì tó béèrè owó sáfà tuntun, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ìròyìn àtijọ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò.

PostgreSQL, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ìlànà rẹ̀ padà, kì í tún ìṣirò tábìlì kan, ìyẹn ìròyìn tó ń lò, ṣe fúnra rẹ̀ àfi tí àwọn ìlà tó yí padà bá ju 50 àti ìdá 10 nínú 100 gbogbo ìlà rẹ̀ lọ. Fún tábìlì tó ní mílíọ̀nù 10 ìlà, ìyẹn ju mílíọ̀nù kan lọ. Ká ní ilé ìfowópamọ́ kan wá kó ìsanwó àná wọlé lóru, 900,000 ìlà. Nínú ìṣirò ẹ̀rọ, àná kò tíì sí. Bí wọ́n bá béèrè ìsanwó àná, ẹ̀rọ lè rò pé ìlà kan péré ni yóò bá pàdé, kó sì yan ọ̀nà tó dára fún ìlà kan: kó mú un lọ sí tábìlì àwọn oníbàárà láti wá ẹni tó ni ín. Ìgbà 900,000 ni yóò lọ tí yóò bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ANALYZE, tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn tí wọ́n kó dátà wọlé tán, ì bá ti yanjú rẹ̀.

Bí a ṣe ń rí àṣìṣe yìí kò le. Àṣẹ EXPLAIN ANALYZE máa ń to iye ìlà tí ẹ̀rọ rò sí ẹ̀gbẹ́ iye tó bá gan-an. Ibi tí 1 bá ti jókòó ti 900,000 ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. (Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ṣọ́ra o: àṣẹ yìí ń ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́ ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ síwájú DELETE láì fi BEGIN ṣáájú àti láì fi ROLLBACK kádìí rẹ̀, ìlà rẹ̀ ti lọ.)

Atọ́ka, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní índẹ́ẹ̀sì, náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí àtòjọ ìlà àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn ìwé orin ìjọ ló rí: ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ṣíṣí gbogbo ojú ìwé. Àmọ́ ó lè wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ má lò ó. Nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà máa ń fi òdo bẹ̀rẹ̀ bí a bá ń pè é nílé, nítorí náà wọ́n sábà ń kó o pamọ́ bí ọ̀rọ̀, kí òdo má baà bọ́. Bí ẹni tó kọ ìbéèrè bá gbàgbé àmì àyọlò, MySQL yóò gbà pé nọ́ńbà ni wọ́n ń wá, yóò sì máa yí ìlà kọ̀ọ̀kan padà sí nọ́ńbà kó tó fi wé e, látòkè délẹ̀ tábìlì. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. PostgreSQL ní tirẹ̀ yóò kọ̀ jálẹ̀ pé irú méjèèjì ò bára mu. Agídí yẹn sàn.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìbéèrè tó falẹ̀ nínú MySQL tún ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí wọ́n bá tàn án láì yí ààlà àkókò rẹ̀ padà, èyí tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ nìkan ló ń kọ. Ìbéèrè tó gba ìṣẹ́jú àáyá 12 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ yóò hàn níbẹ̀. Èyí tó gba 0.02, tí wọ́n sì ń béèrè ní ìgbà mílíọ̀nù kan lójúmọ́, kò ní hàn, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹ wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àròpọ̀ àkókò ni kí alábòójútó máa wò. pg_stat_statements ń ṣe ìyẹn fún PostgreSQL, tí wọ́n bá ti tàn án.

Àṣejù wà lórí atọ́ka pẹ̀lú. Ìlà tuntun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ inú gbogbo atọ́ka tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ìkọ̀wé náà sì ń pọ̀ sí i. Nínú pg_stat_user_indexes ti PostgreSQL, òpó idx_scan ń sọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ ti wá nǹkan nínú atọ́ka kan, èyí tó bá sì wà ní òdo ni wọ́n máa ń sáré pa rẹ́. Kí wọ́n fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé sáfà ẹ̀dà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò òpin oṣù, ni wọ́n ti ń lò ó, sáfà kọ̀ọ̀kan ló sì ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Atọ́ka tí kò jẹ́ kí oníbàárà méjì ní nọ́ńbà àkáǹtì kan náà sì lè wà ní òdo fún ọdún gbáko, kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.