Wúrà Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Iyanrìn Ilẹ̀ Wa



Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní agbègbè Iperindo àti Itagunmodi, òkúta àtayébáyé ti sán nísàlẹ̀ ilẹ̀. Omi gbígbóná gba inú sísán náà kọjá, ó sì fi wúrà sílẹ̀ sínú òkúta funfun líle. Òjò wẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sínú odò, níbi tí àwọn awakùsà ti ń fi omi sẹ́ ẹ. Ilé-iṣẹ́ Thor Explorations gba ibi ìwakùsà Segilola ní 2016. Oṣù Keje 2021 ni wọ́n tó yọ wúrà àkọ́kọ́.

Ní tiwa ní Imeke, iyanrìn àti amọ̀ tí òkun àti odò kó jọ ni ilẹ̀ wa. Irú òkúta Ìjẹ̀ṣà ti rì jìnnà sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí àlejò kan bá fi erùpẹ̀ tí ń dán hàn yín, tí ó ní kí ẹ dáwó ìwakùsà, ẹ bi í pé òkúta wo ni ó bí i. Ẹ fi òòlù lu èyí tí ń dán náà: wúrà a máa tẹ́, kì í fọ́, ọ̀pọ̀ ayédèrú a rún wómúwómú.

Ẹ wo odò Ọ̀ṣun pẹ̀lú, tí ìwakùsà ti pọ́n omi rẹ̀. Ọ̀sà wa àti kànga wa ni wúrà tiwa. Ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ máa ṣọ́ wọn, kí awayanrìn má bà wọ́n jẹ́.