Owó Tí Ó Tọ́ sí Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà atẹ̀wọ̀nrọ̀ tí ẹ ń fi òógùn ojú jẹun ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1975 ni òfin ibẹ̀ ti là á kalẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, pàápàá ẹni tí ó ń tọ́mọ, lè gba ìrànwọ́ tí à ń pè ní EITC, bí kò tilẹ̀ jẹ ìjọba ní owó orí kankan; ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ ìwé owó orí rẹ̀ ránṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò gbé e wá bá a nílé.

Ó dùn mí dọ́kàn pé ìyá tí ó fi gbogbo òru tọ́jú arúgbó tún ń bu nínú owó yìí fún akọ̀wé tí ó bá a kọ ìwé owó orí rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: ẹ béèrè ètò VITA ní ilé ìkàwé àdúgbò yín, nínú èyí tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ó yege ìdánwò IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, ti ń bá ni kọ ìwé owó orí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú W-2 (ìwé owó iṣẹ́ ọdún tí agbanisíṣẹ́ fún yín), ìwé ìdánimọ̀, àti káàdì Social Security tiyín àti ti àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bí ti èṣí bá sì ti fò yín, ọdún 3 gbáko ni òfin fi sílẹ̀ láti padà béèrè rẹ̀.