Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Láti Gba Àkọsílẹ̀ Yín

Ẹ̀yin olùyọ̀ǹda ìlera àdúgbò,

Bí ẹ bá fi àkọsílẹ̀ ìdílé ránṣẹ́, tí lẹ́tà pupa yọ lójú fóònù, ẹ má bínú, ẹ má sì pa á rẹ́. Fóònù kò bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà tó ń gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló rí ohun tí kò bá ara mu. Ẹ ka ohun tó kọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdílé ènìyàn 5. Àwọ̀n 1 fún ènìyàn 2 ni ìlànà wa. Ẹnì karùn-ún náà yóò gba 1, ó di 3. Bí ẹ bá kọ 2, kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ ọ́. Iye àwọ̀n ni kí ẹ tún kọ. Ẹ má sọ ènìyàn 5 di 4 kí ó ṣáà lè wọlé. Kọ̀ǹpútà yóò gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ yọ lè jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹ̀fọn kò sì ní yọ ọ́ sílẹ̀.

Bí iye ènìyàn kò bá dá yín lójú, ẹ padà sílé náà, ẹ tún bi wọ́n. Bí kò bá yanjú, ẹ pe alábòójútó yín kí ẹ tó kúrò ládùúgbò.