Àárín Ìlú Tí À Ń Tún Kọ́ àti Àwọn Tó Ń Gbé Inú Rẹ̀
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Emùré-Ilé)

 

N kò wá bá ìdàgbàsókè jà. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ panápaná kò lè gbà dé ibi tí ilé ti ń jó kò ní sọ pé kí ìjọba má tún ìgboro ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí a bá fẹ́ tún àárín ìlú kọ́, ilé là ń kà, a kì í ka èèyàn.

Èkó ni ká kọ́kọ́ wò. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn ká bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1924, òun ló sì mú kí ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú náà tò. Nígbà tó di 1955, tí òmìnira ń sún mọ́lé, wọ́n ní àárín Erékùṣù Èkó kò yẹ olú ìlú mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó agboolé, wọ́n ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè.

Onímọ̀ ará Bírítéènì kan, Peter Marris, lọ wádìí bí nǹkan ṣe rí fún wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Inú àwọn kan dùn lóòótọ́. Akọ̀wé tó ń gbowó oṣù rí ilé tó dá wà, ariwo dín kù, àwọn ẹbí tó ń wá tọrọ owó lójoojúmọ́ kò sì rọ́nà wá mọ́. Ire nìyẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìyá àgbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀ ló ń pàtẹ sí. Ní Erékùṣù Èkó, kò san owó ìsọ̀, kò wọkọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kọjá níwájú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ ọmọ ń bá a mójú tó àtẹ, àbúrò rẹ̀ wà ní yàrá kejì. Ní Sùúrùlérè, ilé tò lọ rẹrẹ, àdúgbò dákẹ́, kò sẹ́ni tó ń kọjá tó fẹ́ rajà. Bó bá ní òun á máa padà lọ tà ní Erékùṣù, owó bọ́ọ̀sì á jẹ èrè tán. Àwọn ẹbí tó ń bá a jẹun lójoojúmọ́ wá di ẹni tó ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n san owó gbà-má-bínú o. Àmọ́ ilé ẹbí, ogún ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Bí wọ́n bá pín owó rẹ̀, èyí tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó kọ́ ilé mìíràn. Ilé tó ń gba opó, tó ń gba ọmọ tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti di owó tí wọ́n ná tán.

Ìṣirò kan náà ló wà nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún àǹfààní ará ìlú, ohun tí èèyàn kọ́ sórí rẹ̀ tàbí tó gbìn sí i ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Ayálégbé kò kọ́lé. Obìnrin tó ń ta ata lábẹ́ agbòòrùn kò gbin nǹkan kan síbẹ̀. Lójú òfin, wọn kò pàdánù ohunkóhun. Mo ní ìwà ìkà ni. Ọjà Tẹ́júoṣó l'Ékòó pẹ̀lú ńkọ́? Ó jóná ní 2007. Nígbà tí wọ́n ṣí tuntun ní 2014, owó ìsọ̀ ti ju agbára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ọjà Ọba l'Ọ̀wọ̀, iṣu wa àti ata wa ń dé ibẹ̀. Ìtòsí ààfin ló wà, kò sì ṣeé yà kúrò lára ọdún Igogo tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tún un kọ́ lọ́la, kí ó tún un kọ́ síbi tó wà, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn tó ń tà níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gba ìsọ̀ tuntun, ní iye tí apá wọn ká.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, iṣẹ́ yín nìyí: ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń tajà sílẹ̀, onísọ̀ àti alátẹ, ẹni tó ni ibẹ̀ àti ẹni tó yá a. Kí olóyè fọwọ́ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má dúró de katakata.