Ọwọ́ Ìgò Àwọn Ará Róòmù

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ìgò ni mo fẹ́ bá yín sọ, ọwọ́ tí a fi ń di ìgò mú kó má baà já bọ́.

Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ní ìhà Síríà àti Palẹstínì, àwọn oníṣẹ́ rí i pé ẹnu lè fẹ́ ìgò kó wú. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi dé Róòmù. Yanrìn àti irú káún kan láti Íjíbítì ni wọ́n ń yọ́ nínú iná ìléru títí yóò fi ki bí oyin. Oníṣẹ́ á ki ọ̀pá irin oníhò bọ̀ ọ́, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, ikùn ìgò á yọ.

Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Wọn kì í fi àtè lẹ̀ ẹ́ o. Ọmọ iṣẹ́ á sáré fi ọ̀pá mìíràn bu díẹ̀ wá láti inú iná. Ọ̀gá á jẹ́ kó kán lé èjìká ìgò, á lẹ̀ mọ́ ọn. Á wá fà á sókè bí ẹni fa ewédú, á tẹ̀ ẹ́ bí ìgúnpá, á sì fi orí rẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò. Èyí tó bá kù, á ká a lé ara rẹ̀, tàbí kó gé e.

Kíákíá ni gbogbo rẹ̀. Bí ọwọ́ bá gbóná tí ara ìgò sì ti tutù, ìgò á sán, iṣẹ́ di òfo. Ẹ ṣáà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí omi tútù bá ta sí ìgò àtùpà tó gbóná. Ọmọ ilé-ìwé mi kan dán an wò rí; inú òkùnkùn la jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ náà! Nítorí náà, wọ́n á máa dá ìgò padà sí ẹnu iná. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kó máa tutù díẹ̀díẹ̀.

Ìgò onígun mẹ́rin wọn ló wù mí jù. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó sì ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ bíi poro oko.

Ní ọ̀rúndún kìíní, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Artas, ará Sídónì, ìlú etí òkun tó wà ní Lẹ́bánónì lónìí. Kí ọwọ́ ife rẹ̀ tó le, á ti tẹ òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ife náà ti fọ́, ọwọ́ wọn ló kù. Látìnì wà lójú kan, Gíríìkì lójú kejì. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan nínú méjèèjì ṣì lè kà á: Artas, ará Sídónì.